Kí ọ̀gá yín tó ra sọ́fúwià, ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tó ń yí padà pọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ring Road ní Ìbàdàn. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi, ilé iṣẹ́ yín ń ta inverter àti sólà. Ìwé ìlànà tó wà nílẹ̀ tó mẹ́jọ, Word ni ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń bójú tó o. Bí nǹkan kékeré bá yí padà, ẹ ó ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa kọ́pì, ẹ ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, títí ẹ ó fi gbàgbé ọ̀kan. Ọ̀gá yín wá gbọ́ orúkọ DITA níbi ìpàdé kan, ìyẹn ìlànà kan tí wọ́n fi ń kọ ìwé ní ègé-ègé kí ègé kan lè wà nínú ìwé púpọ̀, ó ní òun fẹ́ ra sọ́fúwià tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹ wá ń bi wá pé ṣé ìyẹn ló máa tú yín sílẹ̀. Ẹ tún béèrè nípa ẹ̀dà Yorùbá tí àwọn oníṣẹ́ iná yín ń fẹ́.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ṣe nílé iṣẹ́ kan lápá Challenge kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọjà kan náà, wàhálà kan náà. Ní tèmi o, kí ọ̀gá yín ṣì di owó rẹ̀ mú ná. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó ń yí padà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú ìwé yín: èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan náà ló máa ń pàṣẹ kí ẹ tún un ṣe, tó sì jẹ́ pé ìdí kan náà ló máa ń fà á. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ sí ojú kan ṣoṣo, kí àwọn ìwé yòókù máa pè é láti ibẹ̀. Àwọn tó kàn jọra, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọra títí kí ìyá wọn máa ṣi wọ́n pè, orí tí kálukú gbé wáyé kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹni tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà kí n tó débẹ̀ kórìíra kí ọ̀rọ̀ kan wà níbi méjì. Gbogbo ìpínrọ̀ tó bá ti jọra, ó ti sọ ọ́ di ọ̀kan. Ọ̀kan lára wọn dá lórí ìtọ́jú bátìrì: ẹ nu orí rẹ̀, ẹ yẹ ojú wáyà wò bóyá ó le dáadáa, ẹ wo omi inú rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ fi omi distilled kún un bó bá ti lọ sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ bátìrì tubular, ìyẹn bátìrì olómi, nìkan ni ilé iṣẹ́ náà ń tà, ọ̀rọ̀ náà pé. Bátìrì lithium tí kì í gba omi wọlé, ìwé tiẹ̀ náà sì jogún ìpínrọ̀ yẹn bó ṣe wà. Oníbàárà kan pè wá láti Ológunẹ́rù pé òun ti yí bátìrì òun po yí ká, òun ò rí ihò tí wọ́n ń gbà da omi sí i.

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn nínú ìwé kan náà kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí oníṣẹ́ iná máa tan equalization lórí charger láti ìgbà dé ìgbà. Fún bátìrì olómi, ó dáa: charger á mọ̀ọ́mọ̀ gbé volt ga ju ti ojoojúmọ́ lọ, ásíìdì inú bátìrì á rú pọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì dọ́gba. Lithium kò fẹ́ irú rẹ̀ rárá. Bí BMS inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, bá ń ṣiṣẹ́, yóò já iná fúnra rẹ̀, ilé á ṣókùnkùn, oníbàárà á sì máa bú inverter tí kò ṣẹ̀. Bí BMS kò bá dáa, bátìrì olówó ńlá yẹn ló máa gba ìyà.

Ẹ tún wo tábìlì tó ń sọ bí wáyà bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó fún inverter kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá fojú lásán wò ó á ní inverter 5 kVA ló yẹ kó gba wáyà tó nípọn ju ti 1.5 kVA lọ. Ẹ fi ìṣirò wò ó: 1,500 VA lórí bátìrì 12 volt, ampere 125 ni. 5,000 VA lórí 48 volt, kò ju bíi 104 lọ. Èyí kékeré ló ń fa iná jù láti inú bátìrì! Tábìlì méjèèjì jọra lójú, àkọlé kan náà, ìlà kan náà, ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀kan fi máa yí padà kò kan èkejì. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ti 48 volt ṣe, ti 12 volt á bà jẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, títí wáyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú ilé ẹnìkan.

Èwo ló wá yẹ ká so pọ̀? Nọ́ńbà tí oníbàárà ń pè, dájúdájú. Ìkìlọ̀ pé kí wọ́n pa breaker bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà. Ètò bí wọ́n ṣe ń so sólà náà wà níbẹ̀: bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ charge controller (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì sí bátìrì), páńẹ́ẹ̀lì ló kẹ́yìn; bí ẹ bá ń tú u, páńẹ́ẹ̀lì ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ controller ló jẹ́ pé ara bátìrì ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá 12 volt ni iṣẹ́ náà tàbí 24. Bí ẹ bá ti rí i nínú ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà pé bó ṣe rí nìyẹn fún gbogbo controller tí ẹ ń tà, olórí oníṣẹ́ iná yín ló ni ọ̀rọ̀ náà, òun nìkan ló lè ní kí ẹ yí i padà. Ó di ọ̀kan. Ti warranty le díẹ̀. Nílé iṣẹ́ tí mo wà, ọdún tí wọ́n fún bátìrì yàtọ̀ sí ti inverter, nítorí náà méjì la ṣe é, kò sì sí ẹni tó bá wa jà.

Ẹ ṣí spreadsheet kan, ẹ kọ orúkọ ègé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ẹni tó ni ín, àti àwọn ìwé tó ti ń jáde. Ṣe ni yóò dà bíi pé ẹ ń fàkókò ṣòfò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ra sọ́fúwià gidi tí wọn kò ní irú àkọsílẹ̀ yìí, ẹ̀rù ló wá ń bà wọ́n láti fọwọ́ kan ohunkóhun, wọ́n sì padà sídìí kọ́pì àti lílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan topic, ìyẹn ègé ìwé kékeré tó dá lórí ohun kan ṣoṣo. Mo mọ̀ láìrí i pé orí kan wà nínú ìwé yín tó ń jẹ́ “Bátìrì”, tí àlàyé ohun tí ampere-hour jẹ́, ìgbésẹ̀ bí a ṣe ń so ó, àti tábìlì volt gbogbo wà pọ̀ lójú kan. Kò sí bí ẹ ṣe máa mú apá kan níbẹ̀ láì fa èyí tó kù dání. Ẹ tú u ká: àlàyé lọ́tọ̀, ìgbésẹ̀ lọ́tọ̀, tábìlì lọ́tọ̀. Àwọn tó dá DITA sílẹ̀ pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní concept, task àti reference. Kí topic kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè kan, kó sì dá dúró. “Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè”, “ní orí tó kọjá”, ẹ gé gbogbo wọn kúrò, nítorí ẹ kò mọ ohun tó máa wà lókè rẹ̀ nínú ìwé mìíràn.

Bí mo ṣe máa ń dán an wò nìyí: mo máa ń ya fọ́tò ojú ewé kan ṣoṣo, màá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí oníṣẹ́ iná tó wà lórí òrùlé ní Àpáta tàbí Mọ́níyà. Bó bá pè mí padà pé “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣáájú èyí?”, topic náà kò tíì dá dúró. Kì í kúkú ṣe ìdánwò lásán, torí bí wọ́n ṣe ń lo ìwé wa nìyẹn. Mi ò rí ẹni tó gbé odindi ìwé gun òrùlé rí.

Ní ti DITA fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó dé lánàá. Inú IBM ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n fà á lé OASIS, àjọ kan tó ń ṣe ìlànà, lọ́wọ́, ó sì di ìlànà gbogbogbòò lọ́dún 2005. Ẹ̀dà 1.3 jáde lọ́dún 2015, òun ló fi troubleshooting (wíwá ohun tó bà jẹ́ àti àtúnṣe rẹ̀) kún irú topic tó wà, ó sì yẹ kó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, torí ojú ewé yẹn ni oníbàárà ń ṣí jù nínú ìwé inverter. XML ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tí àmì inú rẹ̀ ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́. Fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní map ló ń to àwọn topic tẹ̀ lé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni topic kan ṣe lè wà nínú ìwé mẹ́jọ. Conref ló ń fa ègé ọ̀rọ̀ láti fáìlì kan wọ òmíràn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó di ojú ọ̀nà fáìlì mú. Ẹ yí orúkọ fáìlì padà, ó já. Láti ẹ̀dà 1.2 ti ọdún 2010 ni wọ́n ti ní key: ẹ ó fún ègé ọ̀rọ̀ lórúkọ nínú map, orúkọ yẹn lẹ ó sì máa pè. Tí ẹ bá lọ sí DITA, key ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ohun kan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà yẹn: bí ẹ bá fẹ́ fi àmì sí ọ̀rọ̀ kí ó lè jáde nínú ìwé kan kó má jáde nínú òmíràn, ẹ má fi orúkọ ọjà ṣe àmì náà. Ẹ fi irú ohun tó jẹ́ ṣe é: tubular, lithium, 12 volt, 48 volt. Bí ọjà tuntun bá dé, ẹ ó kàn sọ pé lithium àti 48 volt ni, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá a mu á tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ orúkọ ọjà lẹ lò, gbogbo fáìlì lẹ máa padà sí, ẹ ó sì máa fi orúkọ kún orúkọ. Ẹ má sì gé gbólóhùn sí wẹ́wẹ́. Odindi gbólóhùn, odindi ìgbésẹ̀, ó kéré tán. Orúkọ ọjà àti nọ́ńbà nìkan ló lè wà láàárín gbólóhùn bí ègé, torí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kò lè ṣe ohunkóhun pẹ̀lú ìdajì gbólóhùn tí kò rí ìdajì kejì.

Ṣé kí ẹ wá ra sọ́fúwià? Fún ẹnì kan tó ní ìwé mẹ́jọ, mi ò ní rà á. AsciiDoc, ìyẹn ọ̀nà kan láti fi ọ̀rọ̀ lásán kọ ìwé, tó yín. Ó ní include fún pípe fáìlì mìíràn, ó ní ifdef fún àmì tí mo sọ lókè yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn fáìlì rẹ̀, wọn kò wúwo, kódà bí wọ́n bá mú iná lọ, dátà orí fóònù tó láti fi wọ́n ránṣẹ́ sórí Git, tó ń tọ́jú fáìlì àti gbogbo àyípadà inú wọn. Bí ọ̀gá yín kò bá fẹ́ gbọ́ ju Word lọ, Word náà ní field kan tó ń jẹ́ INCLUDETEXT tó ń fa ọ̀rọ̀ láti fáìlì mìíràn. Ó máa ń ṣe wọ́nranwọ̀nran bí ẹ bá gbé fóldà kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ó sàn ju kọ́pì lọ. DITA máa bẹ̀rẹ̀ sí í lérè nígbà tí òǹkọ̀wé bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí èdè bá pọ̀, tí ẹ sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà má gba topic tí kò bá ìlànà mu wọlé. Nígbà yẹn gan-an, DITA Open Toolkit tó ń sọ ọ́ di PDF àti HTML, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ẹ ó sanwó fún ni editor tó rọrùn lójú, bí Oxygen. Owó tó pọ̀ jù kò sì sí nínú àwọn yẹn. Inú títún ìwé àtijọ́ kọ ló wà, ìyẹn oṣù tí ẹ̀yin máa fi jókòó tú orí “Bátìrì” ká. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá fi ìyẹn sínú ìṣirò rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ní ti ẹ̀dà Yorùbá, ẹ má tíì gbé e fún atúmọ̀ títí ẹ ó fi pín ọ̀rọ̀ yín tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sanwó ìtumọ̀ gbólóhùn kan náà nígbà mẹ́jọ. Bó bá sì jẹ́ Open Toolkit lẹ lò, ẹ mọ̀ pé Apache FOP tó bá a wá ni yóò ṣe PDF. Bí fọ́ǹtì tó ń lò kò bá ní lẹ́tà kan, àmì # ló máa fi dípò rẹ̀. Ẹ ó rí i pé gbogbo ẹ àti ọ ti di # lójú ewé. Noto Sans ni mo fi rọ́pò fọ́ǹtì náà nínú ètò PDF. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú ewé kan jáde, kí ẹ fojú ara yín wo ẹ́ àti ọ̀ bóyá àmì ohùn jókòó síbi tó yẹ, nítorí ohun tó dáa lójú kọ̀ǹpútà kì í fìgbà gbogbo dáa lórí bébà. Bí ó bá há yín níbì kan, ẹ gbé fáìlì map yín wá síbí ká jọ wò ó.