Ọta Kékeré Kì Í Ṣe Ipá Kékeré

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kun o, Bàbá. Ọmọ Ìsánlú ni mí, ní ilẹ̀ Yàgbà. Bàbá mi fi ráífù kan sílẹ̀ kó tó kú. Àárín la ti ń ká a, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà, ọta pupa tó tóbi bí àtàǹpàkò, tí ọta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ọta náà ti wọ́n jù, kò sì rọrùn rí mọ́. Alágbẹ̀dẹ kan sọ pé òun lè ki ọ̀pá irin kékeré sínú rẹ̀, kó lè máa yin ọta ìbọn ìléwọ́, ti 9 mm. Ó ní kò séwu, nítorí pé ọta yẹn kéré sí ti tẹ́lẹ̀, agbára rẹ̀ náà á sì kéré. Oko wa jìnnà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Irú irin wo ni kí n rà fún un? Ọmọ Ọdẹ, Ìsánlú.

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, ọmọ mi. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún bàbá rẹ.

Má ra irin kankan. Mi ò ní sọ irú irin tó dára fún ọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní sọ fún ẹlòmíràn tó bá tún béèrè. Ìwọ ni ẹni kẹrin tó máa bi mí ní irú ìbéèrè yìí láti ìgbà òjò tó kọjá. Ọ̀kan wá láti Ìyàrà, ọ̀kan láti Bùnú, ẹnì kan tilẹ̀ gbé ìbọn náà wá sílé mi ní Kàbà nínú àpò ìrẹsì. Gbogbo yín lẹ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pé ọta yẹn kéré, torí náà kò lágbára. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ jókòó tì lónìí, nítorí òun ló ń gé ọmọ ènìyàn níka.

Kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe ráífù. Ráífù ni ìbọn tí wọ́n gbẹ́ ilà sínú ọ̀pá rẹ̀, ilà tó ń lọ́ bí okùn, kí ọta lè máa yí bí òkòtó bó ṣe ń jáde. Yíyí yẹn ló ń jẹ́ kó lọ tààrà. Bí o ṣe ṣàlàyé tìrẹ, ìbọn ọdẹ onísíńgù ni, èyí tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán gbinrin láìsí ilà. Ọta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀tọ̀ ni ìbọn yẹn, ọ̀tọ̀ ni ṣakabùlà tí àwọn bàbá wa ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, ọ̀tọ̀ sì ni ráífù. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí títọ́jú àti títún ìbọn ṣe fún ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà, mi ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn.

Ó dáa. Jẹ́ ká wá sórí ọta kékeré.

O mọ fọgánáísà tó wà lójú títì. Bó bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré, ó máa ń wo aago rẹ̀ títí yóò fi dé 30 tàbí 32. Nọ́ńbà yẹn ni iye ìwọ̀n pọ́n-ùn tí afẹ́fẹ́ fi ń ti gbogbo ibi tó fẹ̀ tó ínǹṣì kan níbùú, ínǹṣì kan lóòró, nínú táyà náà. Ní 32 péré, o mọ ohun tí táyà tó bẹ́ lójú ọ̀nà máa ń ṣe. Irú ìwọ̀n kan náà la fi ń sọ ipá inú ìbọn. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná nínú ìbọn bíi ti bàbá rẹ, ibi gíga jù lọ tí àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí pé ó lè dé fún ọta pupa onínọ́ńbà 12 tó wọ́pọ̀ jẹ́ 11,500. Ti ọta 9 mm tó kéré lójú rẹ yẹn ńkọ́? 35,000 ni.

Padà kà á. Ọta kékeré yẹn ń ti ògiri irin tó yí i ká ní ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ọta ńlá ń ṣe.

Bó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ọdẹ. Nínú ọta pupa, àyè fẹ̀, ọta wẹ́wẹ́ sì ń sún síwájú nínú ọ̀pá tó fẹ̀ tó 18.5 mm, èéfín ẹ̀tù rí ibi gbà. Nínú ọta ìbọn ìléwọ́, àyè kò ju ti ìka lọ, ẹ̀tù rẹ̀ ń yára jó, ọta òjé kan sì dí ẹnu ọ̀nà pinpin. Bí a bá dáná sínú gbọ̀ngán, èéfín á rọra bá fèrèsé jáde. Dá iná yẹn kan náà sínú ìkòkò tí o fi ìdérí dè mọ́lẹ̀, kí o wá jókòó tì í. Kì í ṣe títóbi ọta la fi ń mọ ipá. Ẹ̀tù, àyè tí ẹ̀tù ní, àti bí ọ̀nà àbájáde ṣe há tó la fi ń mọ̀ ọ́n.

Alágbẹ̀dẹ náà á ní, "Ṣùgbọ́n idẹ tó bo ọta náà á gba ipá yẹn mọ́ra." Irọ́ ni. Idẹ tó bo ọta náà fẹ́lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wú, kó lẹ̀ mọ́ ògiri irin, kó dí ihò kí èéfín má baà padà sẹ́yìn. Irin tó yí i ká ló ń gba ipá. Níbi tí irin bá ti yẹ̀ sílẹ̀ fún idẹ, idẹ á ya, ohun tó sì máa jáde níbẹ̀ á gba ẹ̀yìn bọ̀, síbi tí ojú rẹ àti àtàǹpàkò rẹ wà. Mo rí ọ̀kan nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé ìbọn náà wá fún wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Irin tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ti ṣí bí ewé mọ́ín-mọ́ín tí ọmọdé fà ya. Ẹni tó yìn ín kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ojú òsì lọ, ìka méjì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé ó ti yin ìbọn yẹn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láìsí nǹkan kan. Ní ìgbà kẹwàá ló bẹ́. Nítorí náà, má ṣe sọ fún mi pé alágbẹ̀dẹ ti dán an wò níṣojú rẹ. Irin máa ń rẹ̀. Bó bá ti sán díẹ̀ nínú, ojú lásán kò lè rí i.

Mi ò bú alágbẹ̀dẹ o. Àwọn ló rọ ọkọ́ àti àdá tí a fi jẹun dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọ ọkọ́ kò ní aago tó máa sọ fún un bóyá irin kan lè gba 35,000, àti pé bó ṣe fi iná sí irin náà, tó sì fi omi pa á, lè sọ ọ́ di ohun tó le bí àwo tánganran, tó ń fọ́ bí àwo náà. Nílùú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1813 ni wọ́n ti dá ilé kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ọ̀pá ìbọn wò. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Bí ìbọn bàbá rẹ bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹtẹ̀ kékeré kan wà lára rẹ̀ nítòsí ibi tí a ti ń ká a. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ki irin mìíràn bọ̀ ọ́, òǹtẹ̀ yẹn kò sọ òótọ́ mọ́.

Ẹlòmíràn tún máa ń sọ fún mi pé àwọn òyìnbó ti ṣe é rí. Òótọ́ ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, John Pedersen, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ kí ráífù Springfield ti 1903 yin ọta kékeré bíi ti ìbọn ìléwọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe é, nǹkan bí 65,000 ni wọ́n sì ṣe. Ráífù gidi ni wọ́n fi ṣe é, ọta náà sì ṣe déédéé pẹ̀lú ihò ọ̀pá rẹ̀. Ogun parí ní 1918 kí wọ́n tó lò ó lójú ogun. Nígbà tó yá, ìjọba kan náà ló ní kí wọ́n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù. Kí ni ìyẹn fi jọ irin tí wọ́n fi òòlù kì sínú ìbọn ọdẹ ní ẹ̀yìn ilé?

Ká tilẹ̀ ní kò bẹ́. Bí irin náà kò bá ní ilà yíyí, ọta á máa ta òkìtì nínú afẹ́fẹ́, o kò ní mọ ibi tó lọ. Ọta wẹ́wẹ́ fún ẹyẹ kì í ju nǹkan bí 300 mítà lọ kó tó já sílẹ̀. Ọta 9 mm lè rìn ju kìlómítà kan lọ. Ta ló wà lóko tó tẹ̀lé tìyín? Àti pé bí ọta kan bá há sínú ọ̀pá láìjáde, tí o rò pé kò yìn, tí o tún yin òmíràn tẹ̀lé e, kò sí irin tí mo mọ̀ tó máa gbà á.

Ní ti òfin, mi ò kí ń ṣe lọ́yà, kí o bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ń sọ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí. Ìbọn ọdẹ bíi tìrẹ wà lára àwọn tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ fún. Ìbọn ìléwọ́, àti ráífù ológun ti 7.62 mm, ti 9 mm àti ti .300 ínǹṣì, wà nínú èyí tí wọ́n kà léèwọ̀. Òfin náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ìbọn tàbí tún un ṣe níbi tí ìjọba kò fọwọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí a kà léèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 10. Ọta 9 mm fúnra rẹ̀ ńkọ́, níbo lo fẹ́ ti rà á? Ẹni tó bá ń tà á fún ọ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn tó ń dá wa lọ́nà náà ló ń tà fún. Bí ọlọ́pàá tàbí sójà bá dá ọ dúró láàárín Kàbà sí Ọ̀bàjànà, tí wọ́n bá ọta bẹ́ẹ̀ lára rẹ, ta ló máa gbà pé ọdẹ ni ọ́?

Ìwé àṣẹ bàbá rẹ pàápàá kì í ṣe ogún. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Pe olórí ọdẹ yín àti àgbà kan nínú ẹbí, kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí tésàn láìgbé ìbọn dání, kí ẹ ṣàlàyé pé olówó rẹ̀ ti kú, kí wọ́n sọ bí ẹ ṣe máa gbé e wá àti bí ìwọ náà ṣe lè béèrè fún tìrẹ. Yọ ọta kúrò nínú rẹ̀ lónìí, kí o tì í mọ́ inú àpótí, kí ọta sì wà ní yàrá mìíràn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀nà oko wà. Ó ń ba èmi náà, oko ìyàwó mi wà lọ́nà Bùnú. Ẹ má dá lọ. Ẹ jọ máa lọ, kí àwọn ọdẹ àti fijilànté tí ìjọba mọ̀ sí sì mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀.

Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ti bẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ nítòsí rẹ, fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, kí o tẹ̀ ẹ́ dáadáa, má sì ṣí i wò léraléra. Má fi epo, eérú tàbí ẹ̀tù sí i. Bí ojú ló bá kàn, má tẹ̀ ẹ́, má sì fọ̀ ọ́, wá nǹkan tó jin kòtò bíi ife kékeré fi bò ó. Ìka tó já, fi aṣọ mímọ́ wé e, kí o kó o sínú ọ̀rá, kí o wá gbé ọ̀rá náà sórí omi dídì. Má jẹ́ kí omi dídì kan ìka náà gan-an. Gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, ì báà jẹ́ Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ọbańgẹ̀dẹ́, èyí tó bá sún mọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, sọ fún wọn pé òfin ọdún 2017 lórí ẹni tí ìbọn bá bà sọ pé kí ọsibítù tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, kò sì pọn dandan kó kọ́kọ́ san owó. Àwọn fúnra wọn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ọ̀pọ̀ ló ti kú sílé nítorí wọn kò mọ èyí.

Bí o bá ti fún alágbẹ̀dẹ náà lówó sílẹ̀, lọ gbà á lọ́la. Bí kò bá dá a padà, fi í sílẹ̀ fún un, kí o gbé ìbọn bàbá rẹ kúrò níbẹ̀.