Èsì: Táyà wo ni kí n rà fún Hilux àtijọ́ tó ń kó kòkó?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Hilux yín àtijọ́ ló ń kó kòkó láti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀, ẹ sì ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra táyà tòkunbọ̀ àbí tuntun. Tuntun ni tèmi o, kódà bó jẹ́ méjì péré lowó ká. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi méjèèjì sí.

Ẹ má gba táyà ọkọ̀ kékeré, bó tilẹ̀ wọ rímù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi 195R14C: C tó kẹ́yìn yẹn ló ń fi hàn pé táyà akẹ́rù ni. Èyí tí wọ́n kọ LT sí, ìyẹn táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, náà dára. Ìwọ̀n tó bá ọkọ̀ yín mu sábà máa ń wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ má kàn wo èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹni tó tà á fún yín lè ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn yẹn máa ń dán bíi bàtà ọdún, ara wọn á sì ti sán wẹ́wẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i.

Ẹ ní kí fọganáísà fi fáàfù tuntun sí i lẹ́ẹ̀kan náà, owó kékeré ni.