Kí ló dé tí tramadol fi ń di bárakú fún àwọn ọ̀dọ́?

Ẹ ní oògùn ìrora lásán ni, báwo ló ṣe wá ń di bárakú? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ "lásán" yẹn kúrò. Ìdílé kan náà ni òun àti morphine, oògùn ìrora tó lágbára gan-an tó sì ń di bárakú. Béèyàn bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di èròjà mìíràn tó lágbára ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Èyí ló ń pa ìrora lọ́pọlọ, tó sì ń mú ara yá gágá. Kì í pẹ́ mọ́ ara lára: iṣẹ́ tí hóró kan ń ṣe tẹ́lẹ̀, méjì ni yóò gbà tó bá yá.

Ìwọ̀n gan-an ló ń kó bá wọn. 50 tàbí 100 mílígíráàmù ni dókítà sábà máa ń kọ, àpapọ̀ òòjọ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá 400 fún àgbàlagbà. Àmọ́ hóró 225 àti 250 ń bẹ lórí àtẹ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó da méjì sẹ́nu ti ré kọjá ààlà nìyẹn. Gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀, bí kò tiẹ̀ ní wárápá rí. Tó bá tún fi ọtí lé e, èémí lè dáwọ́ dúró.

Kì í sì í ṣe fàájì nìkan. Alábàárù àti awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ń lò ó kí àárẹ̀ má baà mú wọn.

Ẹni tó ti mọ́ lára kó má já a lójijì o. Òógùn, ara ríro, ìgbẹ́ gbuuru àti àìróorunsùn á dé bá a. Dókítà ni kó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.