Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú oríire ìfẹ̀yìntì. Ẹ ní ẹ fẹ́ ta páànù sí ẹ̀yìn ilé yín ní Ìgbógbó, kí ẹ máa jó irin níbẹ̀, kí ẹ máa ṣe géètì, irin ojú fèrèsé àti àga. Ẹ ní owó ọwọ́ yín kò tó nǹkan, pé ṣé kí ẹ kúkú ra gbogbo irinṣẹ́ lórí fóònù, torí ó jọ pé ọjà ibẹ̀ kò wọ́n. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ilé mi ní Agric, ní Ìkòròdú níbí. Owó tí mo ti sọnù sínú ọjà orí fóònù, mi ò fẹ́ kí ẹ sọ irú rẹ̀ nù.

Ọjà òkùnkùn ni ọjà orí fóònù. Àwòrán kò ṣeé gbé lọ́wọ́, kò ṣeé lù kéèyàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Nǹkan méjì péré ló lè bá yín tan iná sí i: ìwọ̀n ọjà náà ní kílò, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹni tí kò bá lè fún yín ní méjèèjì, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó dínwó tó.

Ẹ̀rọ ajórin tí mo kọ́kọ́ rà ló kọ́ mi. Wọ́n kọ 300 gàdàgbà sí i níwájú, mo sì gbà pé ámpù 300 ni, ìyẹn bí iná tó fi ń jó irin ṣe lágbára tó. Nígbà tó dé, ọwọ́ kan ni ọlọ́kadà fi nà án sí mi láti orí ọ̀kadà. Ara fu mí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yìnyín tó wà ní òpópónà wa, mo ní kí wọ́n bá mi wọ̀n ọ́n: kílò mẹ́ta ààbọ̀, tòun ti páálí. Mo fi ẹlẹ́kitíróòdù géèjì 12, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń yọ́ mọ́ irin, jó, ó gbìyànjú. Mo ki géèjì 10 bọ̀ ọ́, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ irin bí ẹyẹ tó bà lé àtè. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ òórùn rọ́bà. Mo di wáyà rẹ̀ mú, kò ṣeé dì mú. Nígbà tó tutù, mo fi ọ̀bẹ họ ojú rẹ̀: pupa lóde bíi kọ́pà, funfun nínú. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kan fi kọ́pà bò ó lójú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ẹ kò tilẹ̀ nílò ámpù 300. Géèjì 12 tí à ń lò fún páìpù géètì, mìlímítà 2.5 ni, ámpù 70 sí 90 ti tó o. Géèjì 10 jẹ́ mìlímítà 3.2, kì í sábà béèrè ju 130 lọ. Ẹ̀rọ tó bá lè gbé 140 lóòótọ́ yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀. Ẹ má wo iwájú rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ẹ̀yìn ẹ̀rọ ránṣẹ́, níbi àwo kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Ẹ máa rí lẹ́tà X pẹ̀lú nọ́ńbà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún (%) lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí I2 pẹ̀lú ámpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí X bá jẹ́ 60%, tí ámpù abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 120, ohun tó ń sọ ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ẹ lè fi 6 jórin ní ámpù 120, kí ẹ fi 4 tó kù jẹ́ kó sinmi. Èyí tí kò bá ní àwo yẹn rárá, mi ò lè ní kí ẹ fi owó ìfẹ̀yìntì rà á. Ẹ tún ro ti iná pẹ̀lú. Ámpù 80 tí ẹ fi ń jó géèjì 12 yẹn lè jẹ tó kVA mẹ́ta lára jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń tan gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e.

Tó bá kan gíráíńdà, ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, èyí tí àwọn wẹ́dà wa ń pè ní fáílìn-maṣíìnì, dísìkì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Mo ra dísìkì 50 lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni. Kò sí nọ́ńbà eré lára rẹ̀, kò sí déètì. Ẹ̀kẹta nínú wọn ló fọ́ nígbà tí mo ń gé irin. Mi ò rí i nígbà tó fọ́. Ìró kan ni mo gbọ́, gíráíńdà sì ta gìrì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo pa á tán tí mo wẹ̀yìn, wẹ́lẹ́ kan lára dísìkì náà ti wọnú ilẹ̀kùn pákó, ó rì sínú rẹ̀ tó ìdajì èékánná àtàǹpàkò mi. Ìbòrí irin ara gíráíńdà ló gba ìyókù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ti dúró nídìí ilẹ̀kùn yẹn gan-an ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ó wá gba owó búrẹ́dì. Mi ò tíì gbàgbé, mi ò sì lè gbàgbé.

Gíráíńdà kékeré máa ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí dísìkì mìlímítà 115 bá wà lára rẹ̀, eré tí etí dísìkì yẹn ń sá lé ní kìlómítà 230 ní wákàtí kan. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà yìí lójú dísìkì: 13,300 fún 115, ìyẹn iye ìgbà tí kò gbọdọ̀ yí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22.23. Ẹ wo òrùka irin tó yí ihò náà ká, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí kò gbọdọ̀ kọjá sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bí àwọn kan tí ń tú ìbòrí gíráíńdà kékeré kúrò kí dísìkì ńlá lè wọ̀ ọ́. Dísìkì 180 kò gbà ju nǹkan bí 8,500 lọ, ẹ wá fẹ́ fi 11,000 yí i. Ẹ kúkú lọ ra dísìkì lójúkojú, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tòkúnbọ̀ dáa, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ mi ni tòkúnbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní fóltéèjì kí ẹ tó bi wọ́n ní iye. Ti Amẹ́ríkà, 120 ni, iná wa sì jẹ́ 230 sí 240. Ẹ̀rọ ìpọnrin kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gé ẹnu wáyà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi púlọ́ọ̀gì tiwa sí i. Mo ki í bọ iná, èéfín ló fi dá mi lóhùn. Àwọn ènìyàn tún máa ń rò pé gbogbo ohun tó bá ti ìlú Ọba wá ló bá iná wa mu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Irinṣẹ́ àwọn kọ́lékọ́lé ibẹ̀, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò roboto, 110 ni wọ́n ń lò.

Ìbòjú ajórin tó ń ṣú fúnra rẹ̀, ẹ lè rà á lórí fóònù, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ ṣá láítà síwájú rẹ̀ tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí oòrùn. Ó gbọ́dọ̀ ṣú lójú ẹsẹ̀. Tèmi àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣú, mo sì ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ni mo jórin, kò sí ohun tó ṣe mí títí mo fi sùn. Nígbà tó di aago méjì òru, ó dà bí ẹni pé wọ́n da yanrìn gbígbẹ sí mi lójú. Omi ń dà, mi ò lè la ojú, mi ò lè dì í. Ìyàwó mi ló fà mí lọ́wọ́ dé ọsibítù láàárọ̀. Nọ́ńbà òkùnkùn 10 tàbí 11 ló yẹ iṣẹ́ yín. Jígí dúdú tí ẹ ń rí lójú àwọn ọmọ ẹ̀bá títì yẹn kò dáàbò bo ojú.

Àwọn tó kù kò le. Ẹlẹ́kitíróòdù, ẹ rà á nítòsí, torí èèpo rẹ̀ máa ń fọ́ lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ọ̀sà tiwa níbí sì tètè ń mú un rin. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí. Fáìsì tí a fi ń di irin mú, òòlù àti ọ̀pá irin, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Owódé Onírin, ẹ ò ní dé Mile 12 kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan fáìsì: èyí tó bá dún bí agogo ni kí ẹ rà, èyí tó bá dún bí ìkòkò tó sán, ó ti là níbì kan. Ohun tó fúyẹ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjà China, irú bíi fẹ́níà tí a fi ń wọn irin, torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń gba owó ẹrù. Bíìtì dírílù aláwọ̀ wúrà, ọgọ́rùn-ún nínú àpótí kan, ẹ má rà á. Ọ̀dà lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tèmi lọ́ bíi pòròpórò àgbàdo lójú irin. Ẹ ra HSS gidi, bíìtì onírin líle tí a fi ń lu irin, mẹ́fà péré, mìlímítà 3, 4, 5, 6, 8 àti 10. Bó bá di irin tí kì í dípẹtà, ẹ ra èyí tó ní kóbáàtì, tí wọ́n kọ M35 sí, kí ẹ yí i jẹ́jẹ́, kí ẹ sì máa kán ọ́ìlì sí i.

Ẹ yan ọjà tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́yìn tó bá dọ́wọ́ yín. Ẹ tú páálí kí ọlọ́kadà tó lọ, kí ẹnì kan máa fi fóònù ya fídíò yín bí ẹ ti ń tú u.

Ẹ̀rọ ajórin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi àwòrán ẹ̀yìn èyí tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó, màá bá yín kà á. Ẹ má tíì ra dírílù. Tèmi méjì ló wà nílẹ̀, ẹ wá mú ọ̀kan lọ lò fún oṣù méjì àkọ́kọ́.