Ta ni kí n gbé ìbejì mi fún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbejì mi ti pé oṣù 6, ìsinmi ìbímọ mi sì ń parí lọ. Abéré ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Èkó ni ọkọ mi wà. Bàbá kan tí ó máa ń bá ènìyàn wá ọmọ ọ̀dọ̀ ní òun yóò mú ọmọbìnrin ọdún 14 wá fún mi láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kí n san owó ọdún kan fún òun ṣáájú. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbà, pé ọmọdé ló ń gbọ́ràn. Ọkàn mi ò balẹ̀.
Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ẹ̀jìrẹ́ yóò dàgbà, wọn ó dògbó.

Ẹ má gba ọmọ yẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, kò sì fàyè gba kí a fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Owó ọdún kan tí alárenà fẹ́ gbà yẹn tún bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ náà lè má fojú kan kọ́bọ̀ níbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì lè má mọ ilé tí ó wà. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ fífi ènìyàn ṣòwò, ń gbógun tì.

Àgbàlagbà ni kí ẹ wá, tí yóò máa wá láàárọ̀, tí yóò padà sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ bá àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí ìwé onídùúró nìkan tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ẹsẹ̀ yín dé ilé àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá mi tọ́ àbíkẹ́yìn mi, mo bá a dé Ìrágbìjí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìn ín títí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá tí ó ń ta gààrí lódìkejì ilé wọn ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ó ń bu gààrí fún oníbàárà lọ, ó ní, “Òun ló tọ́jú ìyá wọn lórí àìsàn títí ìyá fi dákẹ́. Mi ò gbọ́ kó jágbe mọ́ ọn rí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbà á.

Ẹ gba nọ́ńbà NIN rẹ̀, kí ẹ sì jọ lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ẹ̀yin ni kí ẹ san owó rẹ̀.

Kí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó ń fọ̀ ọ́ kí ó tó po ògì? Ṣé ó ń kán ògì sẹ́yìn ọwọ́ kí ó tó fi sẹ́nu ọmọ? Tí Táyé bá ń ké, tí Kẹ́hìndé náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe ń rí? Ẹni tó bá ti ń pòṣé lójú yín, ẹ má gbé ọmọ fún un lẹ́yìn yín.

Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi owó oṣù lé. Ìtọ́jú ọmọ ni ẹ gbà á fún, kì í ṣe ti gbogbo ilé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti di ìfọṣọ, oúnjẹ àti ọjà lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórí, tí wọ́n tún wá ń bínú pé ọmọ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá yín gbé ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa padà síbi iṣẹ́. Ojú wọn yóò wà lára ọmọ-ọmọ wọn, obìnrin náà yóò sì mọ̀ pé ilé ní àgbà.