Má tíì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní mánijà yín máa ń fọwọ́ pa ọ́ lára nírọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń ka owó ọjọ́ náà, o sọ fún HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí o fara dà á, o sì fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin oṣù. Jọ̀ọ́, má tíì kọ ọ́. Ibi tí èmi ti ṣubú gan-an nìyẹn.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe kaṣíà ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, níbí l'Óṣogbo. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀gá mi fi bẹ̀rẹ̀: aṣọ mi, ìdí mi, irú orí tí ọkọ mi ní. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní bí mi ò bá bá òun lọ sùn mọ́jú n'Ìbàdàn, kí n gbàgbé ìgbéga. Mo lọ bá ọ̀gá àgbà, mo kúnlẹ̀, mo fi omijé rojọ́. Wọ́n ní, "Ẹ fi ṣe osùn, kí ẹ fi para." Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo kúrò.

Lẹ́tà tí mo fi kúrò kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Mo dúpẹ́ fún àǹfààní tí wọ́n fún mi, mo ní ọ̀ràn ìdílé ló dé, mo gbàdúrà pé kí iléeṣẹ́ máa tẹ̀síwájú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Òkè-Fíà, lọ́yà náà ka lẹ́tà yẹn sí mi létí, ó ní, "Mà, níbo ni ìlọ̀kulọ̀ wà nínú èyí?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ẹ̀rí tí wọn ì bá fi dá mi lẹ́bi.

Lọ́yà yẹn ló là mí lójú pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èmi àti mánijà nìkan. Bí agbanisíṣẹ́ bá ti gbọ́ tó sì dákẹ́, ó ti di tirẹ̀. Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 254C tí wọ́n fi kún un nígbà àtúnṣe kẹta, dárúkọ ìlọ̀kulọ̀ níbi iṣẹ́ ní tààrà pé Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìlànà ilé ẹjọ́ náà ti 2017 kò sì dúró lórí ìfọwọ́kàn nìkan: ọ̀rọ̀ rírùn wà níbẹ̀, àmì àti àwòrán wà níbẹ̀, "bá mi sùn kí n gbé ọ ga" náà wà níbẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ yẹn dá obìnrin kan láre tí Microsoft Nigeria dá dúró lẹ́yìn tó kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Owó gbà-má-bìínú tí wọ́n bù fún un ju mílíọ̀nù 13 náírà lọ, iléeṣẹ́ náà sì wà lára àwọn tí ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Nítorí náà, ra ìwé kékeré kan. Ilé ni kó máa wà, kì í ṣe dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì. Kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an bó ṣe sọ ọ́, bó ti wù kó rí lẹ́nu, àti ẹni tó wà nítòsí. Má pa ìkankan rẹ́ nínú ohun tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ya àwòrán rẹ̀, kí o fi pamọ́ sórí fóònù ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ lẹ́tà sí HR àti ọ̀gá àgbà, ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó bá gbà á buwọ́ lu tìrẹ kó sì kọ ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, fi íméèlì ránṣẹ́. Béèrè ìwé ìlànà wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú: àdéhùn àgbáyé C190, tó dá lórí ìwà ipá àti ìlọ̀kulọ̀ níbi iṣẹ́, tí Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ní 2022, ní kí ìjọba fi òfin mú agbanisíṣẹ́ láti ní irú rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe níbi iṣẹ́ mi kejì nìyẹn, ní Òkè Baálẹ̀, nígbà tí ọ̀gá mìíràn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà mi ni wọ́n pe ìpàdé. Ọkùnrin tí kò tíì fìgbà kan dá mi lóhùn dáadáa wá ń pè mí ní mà. Wọ́n gbé ọ̀gá tó ń yọ mí lẹ́nu yẹn kúrò ní ẹ̀ka wa.

Wọ́n lè fún ọ ní kúẹ́rì pé o pẹ́ dé. Fi ìwé dáhùn gbogbo rẹ̀, má fi ẹnu dáhùn. Bí owó lọ́yà kò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà, ń ran ẹni tí owó rẹ̀ kéré lọ́wọ́, FIDA náà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, ní ẹ̀ka ní Ọ̀ṣun. Bí mánijà yẹn bá sì gbìyànjú láti fipá bá ọ lò, má dúró de lẹ́tà kankan: ilé ìwòsàn àti àgọ́ ọlọ́pàá ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ara rẹ kò bá wá gbà á mọ́ lóòótọ́ tí o ní láti lọ, lọ. Ṣùgbọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà náà pẹ̀lú orúkọ mánijà àti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.