Ṣé ìyàwó Bàbá Ìjọ ni Ìyá Ìjọ?

Ìbéèrè: Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n fẹ́ fi màmá mi jẹ Ìyá Ìjọ. Àwọn kan ń kùn pé opó ni, pé ìyàwó Bàbá Ìjọ loyè náà tọ́ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí màmá kú oríire. Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ là ń pè ní Màmá nítorí ọkọ rẹ̀. Ìyá Ìjọ ní tirẹ̀, oyè tara ẹni ni, bíi Ìyálọ́jà, bíi Ìyálóde. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí gbàgede Tinúbú l'Ékòó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá fi jẹ Ìyálóde ní 1864 nítorí ohun tó ṣe fún wọn nígbà ogun Dàhòmì, kì í ṣe nítorí ọkọ kankan. Irú ètò yìí làwọn bàbá wa gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò lè rí Ìyá Ìjọ nínú Bíbélì.

Iṣẹ́ ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ obìnrin méjì bá ń fa aṣọ àjọ̀dún mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹjọ́ ń lọ. Bí òrùlé bá ń jò, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè níbi ìdáwó. (Kí àpò màmá gbọ́ o!)

Àmọ́ àga iwájú ni oyè náà mọ, kò dé ibi pẹpẹ. Ìjọ Áńgílíkà ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi obìnrin jẹ àlùfáà láti 1994, wọ́n sì ní bíṣọ́ọ̀bù obìnrin ní 2015. Ti Nàìjíríà ò gbà. Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà gbà ní tiwọn. Kérúbù àti Séráfù pàápàá, tí Mósè Orímọládé àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, jọ dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1925, kò pé tí ọ̀rọ̀ fi dàrú: ní 1929, Orímọládé ní kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ń kùn yẹn, "ọkọ ni í ṣe orí aya" inú Éfésù ni wọ́n máa fà yọ. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn, kò kan oyè ìjọ. Àwọn opó sì pọ̀ lára àwọn Ìyá Ìjọ tá a mọ̀. Bí wọn ò bá dákẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú òfin ìjọ hàn yín.